Àwùjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ti Ayétòrò

Àwùjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ni àwùjọ Kristẹni tí ó tẹ ìlú Ayétòrò dó ní ọdún 1947 ní etí Òkun Àtìláńtíìkì, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òde òní, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ohun tí ó sọ àwùjọ yìí di mímọ̀ káàkiri ni pé, fún nǹkan bí ogún ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ohun ìní tí ẹnì kan lè pè ní tirẹ̀ nìkan. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgba owó iṣẹ́. Èrè gbogbo iṣẹ́ wọn ń wọ inú àpò kan ṣoṣo, inú àpò kan náà ni a sì ti ń bọ́ wọn, tí a ń fi aṣọ wọ̀ wọ́n, tí a sì ń kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Wọn kò ka ètò yìí sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Lójú wọn, ohun tí ó túmọ̀ sí láti jẹ́ Kristẹni lójoojúmọ́ gan-an nìyẹn: kí ènìyàn máa gbé pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ti gbé ní Jerúsálẹ́mù.

Àyọkà yìí dá lórí Ayétòrò ti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn ìlú mìíràn tún ń jẹ́ Ayétòrò, lára wọn ni Ayétòrò tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí, àti Ayétòrò ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Orúkọ

Nínú ìwé àtijọ́ àti lórí pátákó, "Aiyetoro" ni a sábà máa ń rí. Àtúnṣe sí àkọtọ́ Yorùbá tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ó sọ "aiye" di "ayé", ṣùgbọ́n orúkọ ìlú kì í tètè gba àtúnṣe, nítorí náà ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì ṣì wà lójú ìwé títí di òní. Gbólóhùn kan ni orúkọ náà: ayé tòrò. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, tòrò, ni a ń lò fún omi tí a ti gbé kalẹ̀ títí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fi sìlẹ̀, tí òkè rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ó yẹ àwọn tí wọ́n sá kúrò nínú rògbòdìyàn wá sórí omi. Wọ́n tún ń pe ìlú náà ní Ìlú Ayọ̀, orúkọ tí a máa ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ara pátákó ìkíni káàbọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀

Inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ni àwọn olùdásílẹ̀ ti jáde. Ìlú Èkó ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1925 lábẹ́ Moses Orímọládé Túnọláṣe àti Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, kò sì pẹ́ tí ó fi dé àwọn abúlé apẹja ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àdúrà, àlá, ìran àti ìwòsàn ni ìjọ náà gbà gbọ́, ó sì kọ òrìṣà àti oògùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ní abúlé kékeré, irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí kò bá dá owó ètùtù, tí kò sì bọ̀wọ̀ fún ojúbọ, ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn ará Ayétòrò ń sọ nípa ara wọn, ohun tí ó fa ìjà ni pé àwọn onígbàgbọ́ yìí dojú kọ àṣà pípa ọmọ ìbejì àti àwọn ìrúbọ kan tí wọ́n kà sí ìpànìyàn. Èyí lè ya òǹkàwé lẹ́nu, nítorí pé ẹni àpọ́nlé ni ìbejì jẹ́ lọ́pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, a sì ń gbẹ́ ère fún èyí tí ó bá kú nínú wọn. Àmọ́ àwọn òpìtàn gbà pé a ti ń pa ìbejì rí ní àwọn apá kan ilẹ̀ Yorùbá àti ní àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká kí àpọ́nlé yìí tó tàn kálẹ̀. Àwọn ará Ayétòrò sọ pé a lu àwọn baba àti ìyá wọn, a lé wọn kúrò láàárín ìlú, ìyà náà sì pọ̀ débi pé wọ́n pinnu láti wá ilẹ̀ tí yóò jẹ́ tiwọn nìkan.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. Ibi tí wọ́n yàn kì í ṣe ibi tí ẹlòmíràn ń jà sí: ẹrẹ̀ ni, àárín òkun àti ọ̀sà, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ gbígbẹ tí a lè gbin iṣu sí. Wọ́n ri òpó sínú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ilé pákó sórí rẹ̀, wọ́n sì fi afárá pákó so ilé kan mọ́ èkejì. Nígbà tí ó yá wọ́n fi ọba jẹ. Ethuwapele Asogbon wà lára àwọn aṣáájú àkọ́kọ́ tí orúkọ wọn hàn jù lọ nínú ìtàn náà, ó sì jọba ìlú. Ọba ìlú, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ògẹlóyìnbó, ni olórí ìjọ pẹ̀lú. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń darí ìsìn, ẹjọ́, iṣẹ́ àti àpò owó.

Ìpìlẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́

Ibi méjì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni àwọn tí wọ́n bá fẹ́ gbé irú ìgbé ayé yìí máa ń tọ́ka sí: ẹsẹ 44 àti 45 orí kejì, àti ẹsẹ 32 títí dé 37 orí kẹrin. Níbẹ̀ ni a ti sọ pé àwọn onígbàgbọ́ ṣe ohun gbogbo ní àpapọ̀, àti pé àwọn tí ó ní ilẹ̀ tàbí ilé ń tà á, wọ́n ń gbé owó rẹ̀ síwájú àwọn àpọ́sítélì kí a lè pín in fún ẹni tí ó ṣe aláìní. Orúkọ tí àwùjọ náà ń jẹ́ fi hàn pé ibẹ̀ ni ojú wọn wà.

Ìṣòro kan wà nínú àwọn ẹsẹ wọ̀nyí tí àwọn oníwàásù kì í sábà mẹ́nu bà. Wọ́n sọ bí a ṣe pín ohun tí a ti ní, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí a ṣe rí òmíràn nígbà tí ilẹ̀ títà bá tán. Ìwé kan náà sọ ní orí kẹfà pé ìráhùn bẹ̀rẹ̀ nítorí pé a gbàgbé àwọn opó kan nígbà tí a ń pín oúnjẹ, ó sì di dandan láti yan ọkùnrin méje tí yóò máa bójú tó o. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ó ń gba ọrẹ kiri fún àwọn tálákà tí ó wà láàárín àwọn ènìyàn mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ní orí karùn-ún Ìṣe, Pétérù sọ fún Anania pé ìkáwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ náà wà kí ó tó tà á, ìkáwọ́ rẹ̀ náà sì ni owó rẹ̀ wà lẹ́yìn tí ó tà á tán. Irọ́ ni a bá a wí fún, kì í ṣe níní ilẹ̀.

Ayétòrò lọ síwájú ju Jerúsálẹ́mù lọ lórí kókó méjèèjì. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe pípín nìkan ni wọ́n ṣe ní àpapọ̀, iṣẹ́ ṣíṣe fúnra rẹ̀ di ti àpapọ̀, ó sì di apá kan ìsìn. Ìmọ̀ràn tí ó wà nínú Tẹsalóníkà kejì, pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ má ṣe jẹun, di òfin ìlú. Lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí ó jẹ́ ìfẹ́ inú fún Anania kò jẹ́ ìfẹ́ inú mọ́ níhìn-ín, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ní Ayétòrò kò lè dá àpò tirẹ̀ ní.

Iṣẹ́ àti oúnjẹ

Ẹja ni ó kọ́kọ́ gbé ìlú náà ró. Gbogbo ará Ìlàjẹ ni ó ń pẹja, nítorí náà ìyàtọ̀ kò sí nínú iṣẹ́, inú ètò ni ó wà. Ní abúlé mìíràn, apẹja kan ní ọkọ̀ àti àwọ̀n rẹ̀, èrè ọjọ́ kan ni yóò fi ra oúnjẹ ọjọ́ náà, bí àwọ̀n bá sì ya, gbèsè dé nìyẹn. Ní Ayétòrò, ẹgbẹ́ apẹja ń lọ sókun pọ̀, ẹgbẹ́ mìíràn ń sun ẹja, òmíràn ń gbé e lọ tà. Kò sí ẹni tí ó gba kọ́bọ̀ nínú owó ọjà. Oúnjẹ ni a ń pín fún agboolé kọ̀ọ̀kan, aṣọ ni a ń dá fún wọn nígbà tí ó bá yẹ. Owó tí ó kù ni a kó jọ, òun ni a sì fi ra ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ojú omi tí apẹja kan kò lè dá rà láéláé.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn iṣẹ́ tí a kì í rí ní abúlé orí omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Wọ́n dá ibi ìkan ọkọ̀ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ńlá fún ara wọn àti fún títà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àti aró, ilé iṣẹ́ télọ̀, ilé iṣẹ́ bàtà, ọṣẹ, búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ àti iṣẹ́ káfíńtà. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ amúnáwá tiwọn ń tan iná sí ojú títì pákó wọn, ní àkókò tí fìtílà ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní orí ilẹ̀ gbígbẹ ṣì ń tàn. Àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá wo ìlú náà. Ẹni tí ó bá mọ bí ilẹ̀ Ìlàjẹ ti jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀ nígbà náà yóò mọ̀ pé ìrìn kékeré kọ́ ni wọ́n rìn.

Àwọn kan máa ń sọ pé àáró tí a fẹ̀ lójú ni ètò Ayétòrò. Àfiwé náà wuni, àmọ́ kò pé. Nínú àáró, mo bá ọ ro oko rẹ lónìí kí o lè bá mi ro tèmi lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, onílé a bẹ ará àti ọ̀rẹ́ wá ràn án lọ́wọ́, a sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Nínú èésú, olúkúlùkù ń dá iye kan, yóò sì gbé e bí ó bá kàn án. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oko mi ṣì jẹ́ oko mi, owó tí mo gbé sì jẹ́ tèmi. Ayétòrò mú ọ̀rọ̀ náà, "tèmi", kúrò láàárín. Apẹja tí ó kó ẹja tí ó pọ̀ jù lọ kò jẹun ju ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ṣófo lọ, aláìsàn àti arúgbó kò sì ní láti san ohun tí wọ́n jẹ padà.

Ìdílé

Ibi tí ètò náà ti wọ inú ìgbé ayé ènìyàn jinlẹ̀ jù ni ilé. Àwọn aṣáájú rí i pé ìdílé ni ibùba ìmọtara-ẹni-nìkan: bàbá tí ó ń wá ire ọmọ tirẹ̀ yóò fi nǹkan pamọ́ fún un. Nítorí náà wọ́n pín ìlú sí apá ọkùnrin àti apá obìnrin. Tọkọtaya kì í gbé pọ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n níbòmíràn, a sì ń kó ọmọ tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí kì í ṣe òbí tí ó bí i. Ọwọ́ ọba ni àṣẹ ìgbéyàwó wà. Àwọn ìgbà kan wà tí a tilẹ̀ dá ìgbéyàwó dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ títọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò ṣàjèjì sí Yorùbá, àwọn ẹbí ti ń gba ọmọ ara wọn tọ́ láti ìgbà ìwásẹ̀. Ohun tí ó ṣàjèjì ni pé a fi òfin mú un, àti pé ète rẹ̀ ni láti dín okùn ẹ̀jẹ̀ kù kí okùn àwùjọ lè le sí i. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù níbòmíràn kò kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí ó pa á láṣẹ kò sì rọrùn láti rí, nítorí pé àwọn onígbàgbọ́ Jerúsálẹ́mù, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe ti sọ, ń bu àkàrà ní ilé wọn. Ìjìyà wà fún ẹni tí ó bá rú òfin. Àpapọ̀ agbára ìsìn àti ti ìlú ní ọwọ́ ọba kan sì mú kí ó ṣòro fún ẹni tí a dá lẹ́bi láti rí ibòmíràn tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, àfi kí ó jáde kúrò nílùú. Ẹni tí ó bá jáde, ọwọ́ òfo ni yóò bá lọ, nítorí pé kò ní ohun kan tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tún wà tí ó so wọ́n pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ gbà pé ikú kò ní lágbára lórí àwọn tí ó bá gbé ìgbé ayé mímọ́ ní Ayétòrò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún tí àwọn àgbà sì ń kú, ìgbàgbọ́ yìí kò lè dúró bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìyípadà

Ní ọdún 1968, àwùjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ǹda fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti ṣe òwò tí èrè rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé dá padà. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kò ní fi agbára kan náà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àpapọ̀, ẹni tí ó bá sì ń rí owó lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀ yóò béèrè ìdí tí òun kò fi ní. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ilé iṣẹ́ àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹnu kọlẹ̀. Tọkọtaya padà sínú ilé kan, àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ òbí.

Ìdí rẹ̀ kò pọn sí ojú kan. Ìran kejì kò jìyà tí ìran àkọ́kọ́ jẹ, wọn kò sì sá kúrò níbì kankan. Ilé ìwé ti là wọ́n lójú, àwọn kan ti rí Èkó, wọ́n sì ti rí iye tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbà níbẹ̀. Ọrọ̀ fúnra rẹ̀ náà dá kún un: nígbà tí ebi wà, pípín oúnjẹ dọ́gba jẹ́ àánú, ṣùgbọ́n nígbà tí owó pọ̀ nínú àpò, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí

Stanley Barrett, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn láti orílẹ̀-èdè Kánádà, ni ó kọ̀wé jù lọ nípa ìlú náà. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1974, Two Villages on Stilts, ó fi Ayétòrò wé abúlé Ìlàjẹ mìíràn tí ó sún mọ́ ọn, ó sì fún àwọn méjèèjì ní orúkọ àdàpè, Olówó àti Tálákà. Orí omi kan náà ni wọ́n wà, iṣẹ́ ẹja kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìgbàgbọ́ wọn sì jọra, síbẹ̀ ọ̀kan là, èkejì kò là. Ìdáhùn Barrett ni pé ètò àjọní ni ó mú ìyàtọ̀ wá, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí èrè kó jọ dípò kí a jẹ ẹ́ tán. Ìwé kejì, The Rise and Fall of an African Utopia, jáde ní ọdún 1977 lẹ́yìn tí ìyípadà ti dé, ó sì fi Ayétòrò wé àwọn àwùjọ àjọní mìíràn lágbàáyé.

Nínú àwọn Kristẹni, àwọn ọmọ Hutter ni àfiwé tí ó bá a mu jù. Láti ọdún 1528 ni àwọn wọ̀nyí ti ń jùmọ̀ ní ohun gbogbo, ní Moravia lákọ̀ọ́kọ́, ní Kánádà àti Amẹ́ríkà lónìí. Àwọn náà sá fún inúnibíni, wọ́n sì ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì bí Ayétòrò ti kà á. Ìyàtọ̀ kan ni pé wọn kò tú tọkọtaya ká. Òmíràn ni pé bí ìletò wọn bá ti tó nǹkan bí àádọ́jọ ènìyàn, wọ́n máa ń pín in sí méjì. Ayétòrò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ní ìgbà tí Barrett dé ibẹ̀, ó sì wà lábẹ́ ọba kan.

Òkun

Láti ìparí ọ̀rúndún ogún ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ilé ni ó ti bá omi lọ, pẹ̀lú ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ibojì àwọn òkú. Ìjọba gbé iṣẹ́ ìdènà omi fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ògiri kan tí ó dúró, àwọn ará ìlú sì ti ṣe ìwọ́de lọ́pọ̀ ìgbà nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kó lọ sí Ìgbókọ̀dá àti àwọn ìlú mìíràn.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ìgbé ayé àtijọ́ hàn nígbà tí àkúnya bá dé. Ìjọ náà ṣì wà, ọba ṣì wà, a sì ń ṣe àjọ̀dún ìtẹ̀dó ìlú nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Àwọn tí omi kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ń gba àwọn tí ilé wọn ti wó sílé. Àwọn tí wọn kò fẹ́ kúrò ń tú pákó ilé wọn kí ìgbì tó dé e, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, wọ́n sì ń ri òpó mìíràn sínú ẹrẹ̀.